Ta Ló Ṣe É? Ẹ̀kọ́ Gbólóhùn Afaragbá Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ọmọ Yorùbá

Ọ̀nà méjì ni èdè Gẹ̀ẹ́sì lè gbà sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Ó lè fi ẹni tí ó ṣe nǹkan ṣe olùwà gbólóhùn, bí ó ti rí nínú “The hunter killed the antelope”, ó sì lè fi ẹni tàbí ohun tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí ṣe olùwà, kí ó ti olùṣe sẹ́yìn tàbí kí ó má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ rárá, bí ó ti rí nínú “The antelope was killed”. Àkọ́kọ́ ni a ó máa pè ní gbólóhùn olùṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkejì, tí àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní passive voice, ni a ó máa pè ní gbólóhùn afaragbá, nítorí pé ohun tí ìṣe náà bá ni ó jókòó sí ipò olùwà, ìbáà jẹ́ ibi ni ìṣe náà mú bá a, ìbáà jẹ́ ire.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà kọ́ ọmọ ní gbólóhùn afaragbá ti pẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òbí ọmọ náà bá pàdé nígbà tí ìwé Brighter Grammar, tí Phebean Ogundipe wà lára àwọn òǹkọ̀wé ẹ̀dà tuntun rẹ̀, ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ilé-ìwé. Olùkọ́ á kọ “Olu ate the rice” sí ojú pátákó, á ní kí kíláàsì yí i padà, àwọn ọmọ á sì kọ “The rice was eaten by Olu”. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti mọ bí a ti ń gbé àbọ̀ gbólóhùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, wá síwájú, tí ó fi “was” sí àárín, tí ó sì lẹ “by” mọ́ orúkọ Olú, yóò gba máàkì rẹ̀ pé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni ìdí tí ènìyàn yóò fi pa “Olu ate the rice” tì, gbólóhùn tí ó ṣe ṣókí tí kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí yóò wá fi èyí tí ó gùn tí ó sì lọ́ pọ̀ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí kò ti sí ìdí, ẹ̀kọ́ náà a máa parí sínú ìwé iṣẹ́-ṣíṣe: bí ó bá di ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ àròkọ tirẹ̀, yálà kò ní lo gbólóhùn afaragbá rárá, tàbí kí ó máa kó o jọ síbi tí kò yẹ nítorí pé ó rò pé òun ni ó dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé.

Ìyẹn ya ni lẹ́nu nígbà tí a bá rántí pé ọmọ Yorùbá ti mọ ìdí náà kí ó tó wọ ilé-ìwé. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni ìrísí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e wọ̀. Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ọmọ ti ní, tí ó sì fi ìrísí tuntun náà kún un, yóò rí i pé ìdajì iṣẹ́ ti ṣe.

Èdè Yorùbá kò ní gbólóhùn afaragbá bí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì; ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ìrísí padà láti fi hàn pé olùwà ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Èyí kì í ṣe àbùkù, kì í sì í ṣe ohun àjèjì láàárín àwọn èdè ayé: nígbà tí onímọ̀ èdè Anna Siewierska kó èdè 373 jọ fún ìwé àwòrán ilẹ̀ nípa ìhun àwọn èdè àgbáyé, èyí tí ó jáde ní ọdún 2005, 162 péré ni ó rí tí ó ní gbólóhùn afaragbá, 211 kò sì ní in. Àmọ́ kò sí èdè tí àwọn tí ń sọ ọ́ kì í fẹ́ fi olùṣe pamọ́ nígbà mìíràn, ìbáà jẹ́ nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ nítorí pé kò ṣe pàtàkì, ìbáà sì jẹ́ nítorí ọgbọ́n. Ohun èlò tí Yorùbá ní fún iṣẹ́ yìí pọ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ wọ́n dunjú.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ “wọ́n”, nígbà tí kò bá tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó. Bí ẹnìkan bá sọ pé “Wọ́n ti jí ọkọ̀ mi gbé”, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé àwọn wo ni “wọ́n” yẹn, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí, kì í ṣe olè. Olè náà sì lè jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Nínú ìwé kíkọ tí ó níyì, “a” ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí: “A bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó ní ọdún 1903.” Ẹni tí ó kọ gbólóhùn yìí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbímọ, kò sì sọ pé òun wà níbẹ̀. “A” kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ òwe tí ó ń sọ ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe, òun náà sì ni Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún di mú nígbà tí èdè Gíríìkì lo ọ̀rọ̀-ìṣe afaragbá. Ẹni tí ó bá ṣí orí karùn-ún Ìwé Mátíù, níbi tí Jésù ti ń ka àwọn alábùkún-fún, yóò rí i bí “a ó” ti ń tẹ̀lé ara wọn.

Lẹ́yìn èyí ni gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́, èyí tí a fi “ni” hun, tí ó sì ń gbé ohun tí a fẹ́ kí etí gbọ́ wá sí iwájú: “Ọkọ̀ náà ni wọ́n jí gbé.” Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan sì wà tí wọ́n lè gba olùṣe ní olùwà lónìí kí wọ́n sì gba ohun tí a ṣe ní olùwà lọ́la láìyí ohunkóhun padà, bíi “fọ́” nínú “Ọmọ náà fọ́ ìgò” àti “Ìgò náà fọ́”, tàbí “bàjẹ́” nínú “Wọ́n ba ọkọ̀ náà jẹ́” àti “Ọkọ̀ náà bàjẹ́”. A tún ní “di” pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe: “Ilẹ̀ náà ti di títà.” Èyí tí ó sì dùn jù, tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá kò lè ṣe aláìlò lójúmọ́, ni ọwọ́ tí ń tẹ ènìyàn. “Ọwọ́ ti tẹ àwọn afurasí mẹ́ta”: ọwọ́ ta ni? Kò sí òǹkàwé tí ó béèrè, nítorí pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, orí àwọn afurasí ni ìròyìn sì wà. Ibi tí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ti máa kọ “Three suspects were arrested” gan-an nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ sí ilé-kéwú pàápàá ti pàdé ọ̀ràn yìí lójú ọ̀nà mìíràn. Nínú èdè Lárúbáwá, fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń yí padà: kataba ni “ó kọ”, kutiba sì ni “a kọ ọ́”. Àwọn onígírámà Lárúbáwá pe irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ní èyí tí a hun fún ẹni tí a kò mọ̀, wọ́n sì pe ohun tí ó wá jókòó sí ipò olùwà ní adelé olùṣe, ìyẹn ẹni tí ó ń di àyè mú fún onípò tí kò sí nílé. Ó ṣòro láti rí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣàlàyé náà tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì. Ní ti àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sákétè ní Orílẹ̀-èdè Benin, tí èdè Faransé jẹ́ èdè ilé-ìwé wọn, ọ̀nà tiwọn tẹ́jú díẹ̀ jù, nítorí pé Faransé ní ọ̀rọ̀ kékeré “on” tí ó ń ṣe iṣẹ́ “wọ́n” àti “a” láìlábùlà: “On a volé la moto” kò jìnnà sí “Wọ́n ti jí ọ̀kadà náà”.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá gbé “wọ́n” lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní tààràtà, “they” ni ó ń rí, òun ni ó sì fi ń sọ pé “They are calling you” nígbà tí ìyá kan ṣoṣo ni ó ń pe ọmọ. Ó yẹ kí olùkọ́ ṣàlàyé pé iṣẹ́ mẹ́ta ni “wọ́n” ń ṣe nínú Yorùbá: ó ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo, ó sì ń dúró fún olùṣe tí a kò fẹ́ dárúkọ tàbí tí a kò mọ̀. Ti ìkẹta yìí ni gbólóhùn afaragbá Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń bá mu. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó kọ ohunkóhun sí ojú pátákó, ó lè fún kíláàsì ní gbólóhùn Yorùbá mẹ́fà tí “wọ́n” wà nínú wọn, kí àwọn ọmọ sì sọ ẹni tí “wọ́n” jẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n bá ti dáhùn pé “kò sí ẹni pàtó”, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá sísọ nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì yóò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lè wo iṣẹ́ ìwádìí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970: Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Dídá gbólóhùn afaragbá mọ̀ ni iṣẹ́ kejì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí, láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti láàárín olùkọ́. Àmì mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé kí a tó pe gbólóhùn ní afaragbá. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà kan lára ọ̀rọ̀-ìṣe “be”, bíi is, are, was, were, been tàbí being, tí ó ń ṣe aṣèrànwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó gbọ́dọ̀ ní ìrísí kẹta ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an, èyí tí àwọn ọmọ máa ń kà gbẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá ń ké “write, wrote, written”. Olùwà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìṣe náà bá, kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é. Bí ọ̀kan bá yọ̀, gbólóhùn náà ti bọ́. “The teacher is writing” ní “is”, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ó ń kọ̀wé. “The goat has died” ní ìrísí kẹta, ṣùgbọ́n kò ní “be”, ewúrẹ́ náà ni ó sì kú fúnra rẹ̀. Àkọlé tí ó gbajúmọ̀ jù lára ògiri ní ìlú Èkó, “This house is not for sale”, ní “is”, kò sì dárúkọ onílé, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan lẹ́yìn “is” náà tí ó lè sọ ọ́ di afaragbá. Ògiri ìlú dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn ọmọ kọ àkọlé márùn-ún wá láti ojú pópó, kí wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì, afaragbá àti èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé iṣẹ́-ṣíṣe lọ.

“By” kò sí lára àwọn àmì mẹ́ta náà, ìdí sì wà. “She came by taxi” ní “by” láìjẹ́ afaragbá; “The gate was painted” jẹ́ afaragbá láìní “by”. Nínú ìwé gírámà ńlá tí Randolph Quirk àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé jáde ní ọdún 1985, wọ́n sọ pé nínú gbólóhùn afaragbá márùn-ún tí a bá rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bíi mẹ́rin ni kò dárúkọ olùṣe rárá. Ẹni tí ó bá fi ìṣirò yìí wo “The rice was eaten by Olu” yóò rí i pé irú èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù ni ilé-ẹ̀kọ́ sọ di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́.

Àwọn olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà máa ń fi ọgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kan dán gbólóhùn wò: wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi “by zombies”, ìyẹn òkú tí ń rìn kiri, kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, bí ó bá sì ṣì ní ìtumọ̀, afaragbá ni. Nínú kíláàsì Yorùbá, ànjọ̀nú lè ṣe é dáadáa. “The yams were stolen by ànjọ̀nú” dún. “The farmer stole by ànjọ̀nú the yams” kò dún. Ẹ̀rín ń jẹ́ kí ọmọ rántí, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má gbàgbé pé ọgbọ́n náà ní ihò. “The old woman sat by ànjọ̀nú” ní ìtumọ̀ tí ó péye, pé ìyá àgbà náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ànjọ̀nú, kò sì sí afaragbá kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “The shop was closed” lè túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti í, ó sì lè jẹ́ pé ipò tí ṣọ́ọ̀bù náà wà nìkan ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń ṣàpèjúwe. Gírámà kò lè yanjú ìyẹn. Àyíká ọ̀rọ̀ ni yóò yanjú rẹ̀, ó sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wà.

Ní ti bí a ṣe ń hun ún, ìṣòro ọmọ Yorùbá wà ní ibi méjì. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà fún àsìkò: “wọ́n ń kọ́ ọ”, “wọ́n ti kọ́ ọ”, “wọn yóò kọ́ ọ”, “kọ́” náà ni ó wà nínú gbogbo wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “built” náà kò yí padà, “be” ni ó ń ru ẹrù àsìkò: is being built, has been built, will be built. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn dúró gbọn-in, tí ó sì jẹ́ pé “be” nìkan ni ó yẹ kí òun ṣọ́, “The thief was catch” àti “The plate was broke” yóò dínkù. Èkejì le jù. Nítorí pé “fọ́” àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gba ohun tí a ṣe ní olùwà láìsí wàhálà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í fura pé Gẹ̀ẹ́sì pín ọ̀rọ̀-ìṣe sí agbàbọ̀, èyí tí ó lè ní àbọ̀, àti aláìgbàbọ̀, èyí tí kò lè ní in, àti pé agbàbọ̀ nìkan ni ó lè di afaragbá. Ibẹ̀ ni “The accident was happened” àti “My grandfather was died” ti ń wá. Ìjàǹbá kì í “happen” ẹnikẹ́ni, ikú kì í sì í “die” bàbá àgbà. Kò sí àbọ̀ tí a lè gbé wá síwájú. Kí olùkọ́ má kàn gbójú fo àṣìṣe yìí bí ẹni pé àìfarabalẹ̀ ni: ó ní gbòǹgbò nínú èdè abínibí, àlàyé tí ó bá sì kan gbòǹgbò náà ni yóò tú u.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú: ìgbà wo ni ó tọ́ kí a lò ó? Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé ni ìtàn ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ ìpínrọ̀ nípa D. O. Fágúnwà, tí ó kọ ìwé náà, gbólóhùn olùṣe ni yóò bá a mu, nítorí pé Fágúnwà ni olùwà ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ìpínrọ̀ náà bá dá lórí ìwé náà fúnra rẹ̀, yóò dára kí ìwé náà máa dúró sí iwájú gbólóhùn kan dé èkejì: “The novel was published in 1938. It was translated into English by Wole Soyinka, and the translation came out in 1968.” Bí a bá fi olùṣe sí iwájú gbogbo wọn, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan yóò kọ́kọ́ yọjú, Ṣóyínká yóò tẹ̀lé e, ojú òǹkàwé yóò sì máa ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn nígbà tí ó jẹ́ pé ìtàn ìwé ni ó fẹ́ gbọ́. Ẹ tún wo ibi tí “by” ti wọlé àti ibi tí kò ti wọlé: ẹni tí ó tẹ ìwé náà jáde kò kan ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìròyìn gan-an, nítorí náà orúkọ rẹ̀ wá sí ìparí gbólóhùn, níbi tí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì ti ń retí ohun tuntun. Iṣẹ́ gbólóhùn afaragbá tí ó níyì jù nìyí, láti mú kí ọ̀rọ̀ dúró lórí ohun kan ṣoṣo títí yóò fi yé ni, ó sì jẹ́ ohun tí a kò lè fi gbólóhùn kan tí ó dá dúró kọ́ ọmọ. Ìpínrọ̀ ni a fi ń kọ́ ọ.

Àwọn ibi yòókù kò ṣòro. Nínú ìjábọ̀ iṣẹ́ àdánwò kẹ́mísírì, a máa ń kọ pé “The solution was poured into a conical flask, and two drops of methyl orange were added”, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bìkítà nípa ọwọ́ tí ó da omi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tún ṣe é gbọ́dọ̀ rí àbájáde kan náà. Síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má rò pé sáyẹ́ǹsì kórìíra “we”: àpilẹ̀kọ ṣókí tí Watson àti Crick fi kéde ìrísí DNA ní ọdún 1953 fi “we” bẹ̀rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ ti àwọn onílé, ti aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí ti ìjọ, ìpinnu ẹgbẹ́ kì í ní orúkọ ẹnìkan, òun ni akọ̀wé fi ń kọ “It was agreed that”; ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ kì í sọnù láéláé, “The opening prayer was said by” ni, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ rí mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí orúkọ náà bá sọnù. Ìwé ìpè ìgbéyàwó náà ń lò ó, “You are cordially invited”, nítorí pé ẹni tí a pè ni a fẹ́ bu ọlá fún. Onímọ̀ èdè Douglas Biber àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á nínú ìwé gírámà wọn ti ọdún 1999 pé nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gba àsìkò ni ó wà ní afaragbá, pé nínú ìròyìn ó jẹ́ nǹkan bí 15 nínú 100, àti pé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí i tó láti mọ̀ ọ́n; ìwé kíkà ni ibi tí yóò ti bá a pàdé.

Ìmọ̀ràn kan wà tí ó ti di òfin lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sá fún gbólóhùn afaragbá pátápátá. William Strunk, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell, fi sínú ìwé pélébé tí ó tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọdún 1918 pé gbólóhùn olùṣe ni kí wọ́n máa lò, òǹkọ̀wé E. B. White sì sọ ìwé náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ọdún 1959. Òǹkọ̀wé George Orwell sọ ohun tí ó jọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí òṣèlú àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1946. Onímọ̀ èdè Geoffrey Pullum ti fi hàn pé Orwell lo gbólóhùn afaragbá nínú gbólóhùn tí ó fi ń bẹnu àtẹ́ lù ú, àti pé nínú àpẹẹrẹ mẹ́rin tí ìwé Strunk àti White tò kalẹ̀ lábẹ́ ẹ̀kọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni ó jẹ́ afaragbá. Bí àwọn àgbà òǹkọ̀wé bá lè ṣì í mọ̀, a kò gbọdọ̀ bú ọmọ kíláàsì JSS 3.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan gbólóhùn náà jù ni pé ó ń bo ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Ronald Reagan bá Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà sọ ní oṣù kìíní ọdún 1987 lórí ọ̀ràn ohun ìjà tí wọ́n tà fún Iran, níbi tí ó ti gbà pé àṣìṣe ńlá ṣẹlẹ̀, “mistakes were made”, láìsọ ẹni tí ó ṣe é. Ẹ̀sùn náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò yẹ kí ó dúró lórí gírámà. Olóṣèlú Yorùbá tí ó bá sọ pé “àṣìṣe wáyé” ti sá lọ tán, kò sì lo gbólóhùn afaragbá kankan, nítorí pé àṣìṣe ni olùwà, òun náà sì ni ó wáyé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní “a ti ṣe àṣìṣe” tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá “a” yẹn kó òun náà mọ́ra. Èyí ni ó yẹ kí ọmọ kọ́: nínú gbólóhùn èyíkéyìí, ní èdè èyíkéyìí, kí ó mọ bí a ti ń béèrè ẹni tí ó ṣe é, kí ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín olùṣe tí a kò dárúkọ nítorí pé kò ṣe pàtàkì àti olùṣe tí ẹnìkan ń gbé pamọ́.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ìhà kejì. Bí gbólóhùn afaragbá Gẹ̀ẹ́sì ti ń wọ ọmọ lára, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yọ́ wọ inú Yorùbá rẹ̀, débi pé a ń ka gbólóhùn bíi “Ilé-ìwòsàn náà ni a ṣí láti ọwọ́ gómìnà” nínú ìròyìn, nígbà tí “Gómìnà ṣí ilé-ìwòsàn náà” wà nílẹ̀ láìná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. “Láti ọwọ́” ní àyè tirẹ̀ lára èèpo ìwé, níbi tí a ti ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé. Nínú gbólóhùn lásán, tí a bá ti mọ olùṣe tí a sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀, ipò olùwà ni Yorùbá fi í sí. Bí a kò bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, “wọ́n” àti “a” wà. Gbólóhùn tí ó ní “a” níwájú, tí ó sì tún ní “láti ọwọ́ gómìnà” lẹ́yìn, ti yan olùṣe méjì fún iṣẹ́ kan.

Ó kù sí ọwọ́ àwọn olùkọ́. Kí wọ́n fi ìdánrawò yíyí gbólóhùn padà sí ìkẹyìn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lè fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn afaragbá inú ìwé ìròyìn kan, kí wọ́n sì sọ ìdí tí akọ̀ròyìn fi lò ó. Nígbà tí ó bá sì di àkókò títọ́ àròkọ, kí bírò pupa má kàn kọ “passive” sí ẹ̀gbẹ́ ìwé bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìbéèrè ni kí ó kọ síbẹ̀, pé “Ta ló ṣe é, ṣé ó sì yẹ kí òǹkàwé mọ̀?” Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún gbólóhùn náà ṣe, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà.